Fáàfù tí Mo Lọ Ṣí ní Wárì

Láti ọjọ́ tí mo ti dé sí Ìṣarà ni àwọn ènìyàn ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé sítáàṣì tí a fi ń mú kí aṣọ le ni àwọn ará Wárì ń fi ọbẹ̀ jẹ. Òótọ́ ni. Mo jẹ ẹ́, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n n kò lọ sí Wárì nítorí oúnjẹ. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, irú iṣẹ́ tí wọn kì í rán aláwọ̀ dúdú nílé-iṣẹ́ wa ní Èkó tẹ́lẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe é, kí ẹ lè mọ̀ pé ọmọ yín kò dójú tì yín.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe ni pé a máa ń to ẹ̀rọ tí ń pa iná fúnra rẹ̀ sínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá. Páìpù ni a máa ń tò sábẹ́ òrùlé, omi á kún inú wọn, a ó wá de ẹnu kéékèèké mọ́ wọn lára, a ó sì fi nǹkan dí ẹnu náà. Bí iná bá sọ nísàlẹ̀, ooru rẹ̀ á já ohun tí a fi dí i, omi á sì máa rọ̀ bí òjò sórí iná náà kí ẹnikẹ́ni tó sáré gbé korobá. Pọ́ǹpù ńlá kan tí ẹ́ńjìnnì ń gbé ṣiṣẹ́ ló ń ti omi náà gòkè. Òyìnbó tó kọ́ mi ní iṣẹ́ pọ́ǹpù yìí ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, nítorí òmìnira ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bó ṣe di pé wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan lọ dán pọ́ǹpù tuntun wò ní Wárì nìyẹn, tí ọ̀gá wa sì pè mí wọlé.

Ó ní, “Adéṣínà, ìwọ ni wàá lọ.”

Mo ní, “Èmi àti ta ni, sà?”

Ó ní, “Ìwọ àti àpótí irin iṣẹ́ rẹ.”

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dúpẹ́.

Ọ̀NÀ TÓ Ń GBA ÈDÈ LẸ́NU ẸNI

N kò ní fi ìtàn ọkọ̀ dá yín lágara. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ọ̀nà Wárì ni pé díẹ̀díẹ̀ ló ń gba èdè lẹ́nu ẹni. Ní Ìbàdàn, wọ́n ń fi ohùn Ìjẹ̀bú mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Oǹdó, èmi náà fi ti wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà la wọ inú igbó Ọ̀rẹ̀, igi ńlá lọ́tùn-ún, igi ńlá lósì, gbogbo èrò ọkọ̀ dákẹ́ bí ẹni pé a wọ ilé ọlọ́lá kan. Nígbà tí a máa fi yọ sí Bìní, àwọn tí a jọ gbéra ti sọ̀ kalẹ̀ tán, àwọn mìíràn ti wọlé, èmi nìkan ló sì kù nínú bọ́lẹ̀kájà náà tí mo mọ ohun tí “ẹ kú ìrìn” túmọ̀ sí.

Mo sọ̀ kalẹ̀ láti ra àgbàdo bíbọ̀. Mo ní, “Ẹ kú ọ̀sán, mà.” Obìnrin tó ń tà á wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Yoruba, how many?” Orúkọ mi nìyẹn láti ọjọ́ náà títí mo fi padà dé. Mo ti rò pé mo gbọ́ Píjìn, nítorí a ń sọ ọ́ ní Èkó, ṣùgbọ́n tiwa dà bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan wọ omi. Tiwọn, wọ́n ti bọ́ sínú rẹ̀ pátápátá, wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́.

Ẹ rántí pé abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni àwa àti wọn wà o. Ìbàdàn kan náà ló ń pàṣẹ fún gbogbo wa. Síbẹ̀, nígbà tí mo jókòó padà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àgbàdo mi, mo mọ̀ ọ́n lára pé mo ti di àlejò.

Ní Sàpẹ́lẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tó jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Odò ńlá kan wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ máa ń gun orí pọ̀ọ́ntù rékọjá, gẹdú tí wọ́n so pọ̀ sì léfòó lórí omi náà títí tí ojú kò fi rí òpin rẹ̀ mọ́. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí àpótí lórí pọ̀ọ́ntù náà, ó dé fìlà aláràbàrà. Gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá kọjá níwájú rẹ̀ á fi orúnkún kan kanlẹ̀, á ní, “Mígwó,” bàbá náà á sì dáhùn pé, “Vrẹ́ndo.” Ará Urhobo ni wọ́n. Nígbà tó kàn mí, n kò mọ bí mo ṣe ṣe é, àfi bí mo ṣe bá ara mi lórí ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja, tèmi ti ṣòkòtò funfun, lórí pákó tí epo àti ẹrẹ̀ wà.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó fà mí dìde fúnra rẹ̀, ó yíjú sí àwọn ọmọkùnrin náà, ó ní, “Una see? Person papa train am well.” Ó ń sọ fún wọn pé bàbá mi kọ́ mi dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bàbá mi, ẹ bá mi sọ fún un. Mo wọ Wárì pẹ̀lú ẹrẹ̀ níkùn, orí mi sì wú.

ILÉ BÀBÁ SÍKÍRÁ

Ọ̀dọ̀ Bàbá Síkírá ni mo dé sí. Ọmọ Ìpẹru ni, Mùsùlùmí gidi ni, aṣọ ló sì ń tà ní Wárì láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ẹni bá fẹ́ gbọ́ ohùn Rẹ́mọ tí kò lábùlà, kó lọ sí Wárì lọ́dọ̀ bàbá yìí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyá ìyá mi ń sọ, tí àwa ti sọ nù, ló ṣì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó ti gbé wọn lọ nígbà tó ń lọ, kò sì sí ẹni tó bá a pààrọ̀ wọn níbẹ̀.

Ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ kó wá kí mi. Síkírá jáde, ó yọ ẹ̀rín músẹ́, ó ní, “Bros, welcome o.”

Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ lu itan. “Síkírá! Yorùbá ni kí o fi kí ẹ̀gbọ́n rẹ! Kúnlẹ̀ dáadáa!”

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó tún wò mí, ó ní, “Baba, I don greet am now. No be the same mouth?”

Ìyá rẹ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín. Bàbá Síkírá yíjú sí mi, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. “Adéṣínà, àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ. Bí mo bá bú wọn, wọ́n á gbọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dá a padà fún mi ní Yorùbá, kò ṣẹlẹ̀ rí.” Mo sọ fún un pé ọmọ náà kúnlẹ̀ dáadáa, òótọ́ sì ni.

Ìyá Síkírá ló gbé sítáàṣì ka iwájú mi. Ó fi epo pa á lára, ó ń dán gbinrin, ọbẹ̀ ẹyìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti ìṣáwùrú. Mo fọwọ́, mo fi ọwọ́ tútù gbá a mú bí ẹni tó fẹ́ bu iyán. Ẹ̀yin ará mi, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi ọwọ́ òsì yọ ọ́, ó lẹ̀ mọ́ ìyẹn náà. Síkírá sáré wọ inú yàrá lọ kó má baà rẹ́rìn-ín níṣojú mi, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ wá fi hàn mí pé epo ni mo gbọ́dọ̀ fi ra ìka, kí n gé díẹ̀, kí n fi ṣe kòtò, kí n fi bu ọbẹ̀, kí n sì gbé e mì. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò sí oúnjẹ mìíràn tí mo tún béèrè.

ILÉ RỌ́BÀ LẸ́BÀÁ OMI

Ibi iṣẹ́ náà wà ní Ugbuwangue, létí omi, níbi tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ń gbé gúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹja àti igi ìdáná. Ilé ìkẹ́rùsí rọ́bà ni. Kí ẹ tó rí i lẹ ó ti gbọ́ òórùn rẹ̀, òórùn rọ́bà tí wọ́n ti fi èéfín yan. Nínú ilé náà, àwọn obìnrin jókòó sórí àpótí, wọ́n ń yẹ rọ́bà wò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n ń ya èyí tó dára sọ́tọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí àwọn páìpù wa tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn, wọ́n tẹ́ lọ gbọnrangandan lókè orí àwọn obìnrin náà. Mo rántí pé bí iná bá ràn mọ́ rọ́bà, kì í ṣeé fi ẹsẹ̀ tẹ̀ pa.

Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ níbẹ̀ ni Akpọ, ọmọ Urhobo láti ọ̀nà Ùgẹ́lì, ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó wò mí, ó ní, “Na you be the engineer? You small o!” Inú kọ́kọ́ bí mi. Ní Èkó, wọ́n á kọ́kọ́ kí ẹ, wọ́n á sì dúró kí o yí ẹ̀yìn padà kí wọ́n tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti bá mi gbé àpótí irin mi, ó ti fún mi ní ọsàn jẹ, ó sì ti bi mí léèrè ìdí tí n kò fi tíì níyàwó. Bí wọ́n ṣe rí ní Wárì nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń sọ, wọn kì í fi ìyókù pa mọ́ de ẹ̀yìn ẹni. Nígbà tó yá, mo rí i pé ó ń fi ọkàn ẹni balẹ̀.

Máníjà ibẹ̀, òyìnbó kan tó ń yára rìn, sọ fún mi pé òun ti pe àwọn ènìyàn jàǹkànjàǹkàn fún ọjọ́ Sátidé. Gbogbo òṣìṣẹ́ á wà nínú ilé náà pẹ̀lú ìyàwó, ọkọ àti ọmọ wọn, a ó tan iná díẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, wọn á sì rí bí omi ṣe ń pa á. Ó ní òun fẹ́ kó parí kó tó di ọjọ́ òmìnira. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ tan pọ́ǹpù náà nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá ń ti omi, tí kò sì sí ẹnu kankan tó ṣí lókè, omi náà kò ní ibi tí yóò lọ. Á máa tì, á máa tì. Bí ohun tó ń kó ẹ́ńjìnnì níjàánu bá wá ṣìṣe, tí ẹ́ńjìnnì sáré kọjá bó ṣe yẹ, ipá omi yẹn lè fa páìpù ya. Ìdí nìyẹn tí fáàfù kan fi wà létí pọ́ǹpù, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó sinmi títí ipá omi yóò fi pọ̀ jù, kó ṣí fúnra rẹ̀ nígbà náà, kó sì tú èyí tó pọ̀ jù síta. Òyìnbó tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ṣeré pẹ̀lú ọ̀rọ̀ fáàfù yìí. Ó ní kò gbọdọ̀ sí táàpù kankan láàárín fáàfù náà àti pọ́ǹpù, kò sì gbọdọ̀ sí ní ọ̀nà tí omi ń gbà jáde, nítorí ohun tí ènìyàn bá lè tì, ọjọ́ kan á wà tí ẹnì kan á tì í. Omi náà sì gbọ́dọ̀ máa dà níbi tí ẹni tó dúró ti ẹ́ńjìnnì á ti rí i pẹ̀lú ojú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn obìnrin jáde lọ jẹun ọ̀sán, Akpọ tan ẹ́ńjìnnì náà. Mo dúró ti aago tó ń fi ipá omi hàn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gun òkè, ó dé ibi tó yẹ kó dúró, kò dúró. Ó kọjá àmì pupa tí wọ́n fà sójú aago náà. Mo wo ẹnu páìpù tó yẹ kí omi ti máa tú jáde lára ògiri, gbígbẹ ni. Lókè orí wa, páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í lù gbùgbù, gbùgbù, bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ jáde, omi sì ń ta síta ní ibi tí wọ́n gbé so méjì pọ̀.

Mo kígbe pé, “Pa á!” Yorùbá ni mo sọ, ṣùgbọ́n Akpọ gbọ́ mi.

TÁÀPÙ TÍ WỌ́N FI WÁYÀ SO

Mo tọ páìpù fáàfù náà lọ sẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni mo ti rí táàpù kan tí kò sí nínú àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n yà fún wa. Wọ́n ti tì í pa, wọ́n sì fi wáyà so ó kó má baà ṣí. Mo ń wo Akpọ, mo ń rò pé ta ni ọ̀tá tó lè ṣe irú èyí.

Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. “Na me.”

Píjìn ni a ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá sọ ìyókù fún yín. Ó ní nígbà tí àwọn tó to ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ tan án, fáàfù ṣí bó ṣe yẹ, gbogbo omi náà sì fò kọjá ọgbà sínú àgbàlá Màmá Mísàn, obìnrin Ìṣẹ̀kírì tó ń yan ẹja lẹ́yìn ilé náà. Ó pa iná rẹ̀, ó gbá apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀ lọ. Obìnrin yìí ló gba Akpọ sílé nígbà tó kọ́kọ́ dé Wárì tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ ọ títí ó fi ríṣẹ́.

Ó ní, “Mo wá ra táàpù yẹn, mo fi tì í. Ṣé kí n máa wò ó kí omi wa máa ba oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ni?”

Gbogbo ìbínú tí mo kó wá kò rí ibi jókòó sí. Ẹni tó ṣe é kò ṣe é pẹ̀lú ọkàn búburú. Síbẹ̀, mo mú un padà sínú ilé, mo fi ibi tí omi ti ta síta lókè hàn án. Mo ní, “Akpọ, bó bá jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé ni èyí ṣẹlẹ̀, ibo ni àwọn ènìyàn á wà?” Ó wo òrùlé, ó wo àwọn àpótí tí àwọn obìnrin ti dìde lórí wọn. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

Mo lọ bá máníjà. Ó ní kí a má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré púpọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ á sì lọ wẹ́rẹ́. Mo ní, “No, sir.” Ó ní dídán ni wọ́n rán mi wá dán an wò, wọn kò rán mi wá tún un kọ́. Mo sọ fún un pé bí a bá tan pọ́ǹpù náà bó ṣe wà yìí, èmi ni n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Sátidé, tí n ó máa dá àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó sì máa sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ará Ìṣarà, n kò tíì rí òyìnbó tó gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu aláwọ̀ dúdú rí. Ó ní kí n lọ tún un ṣe, ṣùgbọ́n Sátidé ṣì ni Sátidé.

MÀMÁ MÍSÀN

Àgbàlá obìnrin náà kò fẹ̀. Ahéré tó ń yan ẹja sí wà láàárín, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà létí ọgbà, omi odò sì ń kọ mọ̀nà níwájú. Bí Akpọ ṣe la ẹnu pé a fẹ́ ṣí fáàfù náà padà ni ó dìde lórí àpótí. Ó fi Píjìn bú mi tán, ó bọ́ sí èdè Ìṣẹ̀kírì. Ibẹ̀ ni ohun ìyanu kan ti bá mi. Mo ń gbọ́ ọ! Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ “omi,” mo ń gbọ́ “ẹja” bí ẹni pé ìyá mi ló ń bá mi jà láti inú yàrá kejì. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín.

Ó dúró. “You dey laugh me?”

Mo sáré dọ̀bálẹ̀. Mo ní rárá, mà, mo ní èdè yín ló bá tiwa mu, ó sì ya mí lẹ́nu pé mo gbọ́ ohun tí ẹ fi ń bú mi. Ó ní, “Get up. You don chop?” Ó gbé ẹja yíyan lé mi lọ́wọ́, ó sì ń bá ìjà rẹ̀ lọ bí mo ṣe ń jẹun. N kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

N kò mọ bí mo ṣe lè fi ẹnu ṣàlàyé ipá omi fún un, nítorí náà mo bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ lé wa wá sí ilé ẹ́ńjìnnì. Akpọ kọ́kọ́ kó àwọn obìnrin jáde kúrò nínú ilé rọ́bà, ó sì tan án, jẹ́jẹ́. Mo fi ọwọ́ Màmá Mísàn lé páìpù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù gbùgbù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mo sì ní kí Akpọ pa á. Màmá Mísàn kò wo pọ́ǹpù mọ́. Ó rìn lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ lé páìpù pupa náà pẹ̀lú ojú láti ibẹ̀ lọ dé òpin ilé, níbi tí ọmọbìnrin kan ti padà jókòó, tó ń yẹ rọ́bà wò. Ọmọ rẹ̀ ni, Mísàn fúnra rẹ̀.

Ó ní, “Na there my pikin dey sit.”

Akpọ ní, “Yes, Mama.”

Ó yíjú sí i. “And you close am because of fish?” Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ó gbá a létí díẹ̀, bí ẹni tó ń gbá eruku kúrò lára ọmọ rẹ̀, ó sì fi aṣọ rẹ̀ nu òógùn ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àríyànjiyàn mọ́, iṣẹ́ ló kù. Àdéhùn wa ni pé kí omi náà má gba orí ọgbà mọ́. A ó ṣe kòtò sìmẹ́ǹtì kan síwájú ilé ẹ́ńjìnnì, omi fáàfù á máa dà sínú rẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i, a ó sì wa gọ́tà láti ibẹ̀ lọ sínú odò. Ojú ọ̀nà tó kúrú jù gba etí àgbàlá Màmá Mísàn kọjá, lábẹ́ àwọn igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú àdá, tó gé wọn. Akpọ gba ayùn irin lọ́wọ́ mi, ó ní òun ló fi táàpù náà síbẹ̀, òun ló máa gé e kúrò. Mo jẹ́ kó ṣe é. A so páìpù tí kò ní táàpù rárá dípò rẹ̀. Àwọn tó ń ru rọ́bà bá wa gbẹ́ ilẹ̀, àwọn obìnrin bá wa ru yanrìn, Akpọ sì fi ibi tí odò máa ń kún dé hàn mí kí ẹnu gọ́tà náà má baà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ń padà sílé lálaalẹ́, sìmẹ́ǹtì á ti le mọ́ mi lẹ́sẹ̀, Ìyá Síkírá á sì ti fi omi gbígbóná sílẹ̀ dè mí.

ỌJỌ́ SÁTIDÉ

Gbogbo Ugbuwangue ló wá. Bàbá Síkírá wọ agbádá, ó kó ìdílé rẹ̀ wá, ó ń sọ fún ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ pé ọmọ Rẹ́mọ bíi tòun ni mí. Mísàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí.

Mo ní kí Akpọ tan án. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ẹ́ńjìnnì náà sáré ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí bí yóò bá kọ̀, mo fẹ́ kó kọ̀ níṣojú mi. Kí n tó ṣe é, mo ní kí gbogbo èrò kọ́kọ́ jáde síta. Máníjà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èrò ti ń jáde kó tó sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ gùn, ó gùn, ó dé ẹ̀gbẹ́ àmì pupa. Ó dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n díẹ̀. Fáàfù náà mí hùù, omi sì bú jáde láti ẹnu páìpù, funfun, ó nípọn bí itan ọkùnrin, ó ń dà sínú kòtò wa, ó ń yí níbẹ̀, ó sì gba gọ́tà lọ wàràwàrà sínú odò. Lókè, kò sí páìpù kankan tó lù. Kò sí ibì kan tó ń jò. Àwọn èrò hó yèè. Akpọ di mọ́ mi, ó gbé mi kúrò nílẹ̀ pátápátá, bí mo ṣe kéré tó.

Wọ́n wá wọlé, a tan iná sínú dúrọ́ọ̀mù. Èéfín dúdú gòkè, gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn. Ẹnu kan já lókè, òjò sì rọ̀ sórí iná náà, ní ibi tó wà nìkan, títí ó fi kú. Àwọn ọmọdé sáré bọ́ sínú omi náà, wọ́n ń jó. Síkírá wà láàárín wọn. Mo gbọ́ tó ń fi Yorùbá ké sí bàbá rẹ̀ pé, “Bàbá, ẹ wò ó! Ẹ wò ó!” Bàbá Síkírá kò wo iná. Ó yíjú sí mi, ó di ọwọ́ mi mú.

Máníjà gun orí àpótí kan láti sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò, ó sì ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnjiníà tó wá láti Èkó. Kó tó sọ ìyókù, Màmá Mísàn ti dìde láàárín èrò, ó na ọwọ́ sí mi.

Ó ní, “Which Lagos? That one na our person!”

Gbogbo ilé náà pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú epo lọ́wọ́, mo ń wolẹ̀, nítorí bí mo bá gbójú sókè, wọ́n á rí i pé mo ń sunkún.

Mo ti wà nílé báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé, ìyá mi gbé àkàsù èkọ fún mi, ó jókòó tì mí, ó ní kí n sọ gan-an ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rán mi lọ sí ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Mo ní mo lọ rí i pé omi rí ọ̀nà jáde. Ó ní, “Gbogbo rẹ̀ nìyẹn?”

Mo ní, “Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ìyá mi.” Mo sì bu èkọ mi, mo jẹ ẹ́ bí ọba.